Ojú Ìwé Tí Mo Yà Bí Ebè

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe ní Ìjerò, n óò ní mo fi bá rúlà jà ni. Olùkọ́ àwòrán ni mí ní ilé-ìwé girama kan níbẹ̀, nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí owó oṣù wa ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, tí ó sì máa ń dúró kí gbogbo ará ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ìtàn aláwòrán ni mo ń yà. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: a ó pín ojú ìwé sí yàrá yàrá, àwòrán kan nínú yàrá kan, ẹ ó sì máa bọ́ láti inú ọ̀kan sí inú èkejì títí ìtàn yóò fi parí. Ilé ni èmi ń pe àwọn yàrá náà. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tó ń ya irú rẹ̀ ló ń fi rúlà kọ́ ilé tiwọn, gígùn bákan náà, ìbú bákan náà, bí ilé àwọn olùkọ́ tí ìjọba kọ́. Inú máa ń bí mi. Ta ló ní kí ẹni tó ń sáré àti ẹni tó ń sùn máa gbé irú ilé kan náà?

Bí oṣù bá ti ń parí, mo máa ń lẹ ojú ìwé kan mọ́ bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ ìtàn ewúrẹ́ kan tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, tó ń jẹ ohun tí àwọn èèyàn kó wá fún Ọlọ́run. Bí ewúrẹ́ náà ti ń jẹ iṣu, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo jẹ́ kó máa jẹ ìlà tó yí àwòrán ká pẹ̀lú. Ilé kìíní pé pérépéré, ilé kejì ti já ní igun kan, ilé kẹta ti di jágajàga, nígbà tí ẹ óò bá fi dé èyí tó kẹ́yìn, ìrù ewúrẹ́ àti ègé ìlà kékeré ló kù. Òmíràn jẹ́ ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Mo jẹ́ kí gbogbo ilé inú rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń kà á lè mọ bí ó ti ń ṣe ẹni tó jókòó sórí ẹrù. Lọ́jọ́ tí mo lẹ èyí, ọ̀gá wa jáde láti ọ́fíìsì, ó bá kíláàsì méjì lórí ìdúró, gbogbo wọn fi ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí orí ń fọ́. Òun náà fi ọrùn tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ó pè mí wọlé. Ó ní, "Tíṣà, kí ló ṣe rúlà rẹ?"

Mo ní kò sí ohun tó ṣe é, sà. Kò gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó fún mi ní tuntun, onígi, ó sì rọra fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Ẹ̀yìn ni mo ń fi rúlà yẹn họ títí mo fi kúrò ní ilé-ìwé náà.

Ojú ìwé ewúrẹ́ yẹn ló fún mi ní ìyàwó, tàbí kí n sọ pé òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Aramọkọ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá sí Ìjerò fún eré ìje. Nígbà tí àwọn ọmọ ń sáré, òun dúró níwájú bọ́ọ̀dù wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di òpó mú. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ya nǹkan náà. Kò bojú wẹ̀yìn tó fi bi mí pé, "Bí ewúrẹ́ yìí bá jẹ ìlà tó kù yìí tán, níbo ni òun fúnra rẹ̀ máa dúró sí?" Mo ti ń ya àwòrán láti kékeré, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Kí wọ́n tó pín ẹ̀bùn eré ìje, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, mo sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Òun náà fẹ́ mi. Baba rẹ̀ ló kù. Àgbẹ̀ ni baba náà, ó ní oko kòkó, ó ní oko iṣu, ó sì jẹ́ àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ti wà nílé ọkọ tàbí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, èyí tí mo ń wá yìí ni àbígbẹ̀yìn, òun nìkan ló sì kù tó ń bá a gbé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀, baba náà jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Mo ráyè ka gbogbo kòkòrò tó ń kọjá.

Ó ní, "Dìde. Uṣẹ́ kí ni ọ ń ṣe?"

"Olùkọ́ ni mí, Baba. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà."

"Àwòrán." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó tún wo tèmi. "Ùjọba mọ̀ sí i?"

"Wọ́n mọ̀ sí i, Baba."

Ó ro ọ̀rọ̀ ìjọba yẹn wò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ ya ọ̀kan wá, kí n wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ mi kúrò nínú ulé mi, kí n rí uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ná."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Lágbègbè wa, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ máa ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọn óò lọ kọ ebè iṣu fún àna rẹ̀. Ebè àna ni wọ́n ń pè é. Àwa olówó oṣù ti ń fi ọgbọ́n yẹra fún un nígbà náà, a máa ń ní iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí á ráyè. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti fọwọ́ kan ọkọ́. Baba yìí sì ti fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ àwòrán. Mo pinnu pé orí kádíbọ́ọ̀dù ni n óò ti kọ ebè àna mi, n óò kọ ọ́ dáadáa, òógùn á bò mí nínú rẹ̀, a ó sì jọ gbàgbé ti oko.

Mo fi ọjọ́ púpọ̀ ya ojú ìwé náà. Nítorí pé àgbẹ̀ ni yóò kà á, mo ní kí ilé àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ ebè: kí orí rẹ̀ rí rogodo, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní poro méjì, bí ìlà ebè nínú oko, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ìgbéraga ni, mo gbà pé àwòrán tèmi kò nílò ọ̀rọ̀. Nínú poro òkè, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí ọmọbìnrin kan. Ó bá a gbé ìwé rẹ̀. Ó tẹ̀ lé e délé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀. Nínú poro ìsàlẹ̀, láti ọwọ́ òsì náà, baba nawọ́ sọ́nà, ó lé e jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń bọ̀. Ó kọ ebè, baba dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn, baba fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo ya fìlà baba náà gan-an gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i lórí rẹ̀. Mo ká a, mo fi okùn dì í, mo fún ọmọbìnrin náà pé kó mú un lọ sílé. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tú u wò kí baba rẹ̀ tó tú u. Mo fẹ́ kí ẹnu ya àwọn méjèèjì nígbà kan náà.

N kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pé baba òun tú ìwé náà, ó wò ó, ó ká a padà, ó fi sí abẹ́ ibùsùn, kò sì bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà náà. Ó ní kí ni mo yà? Mo rò ó títí, mo rò pé bóyá imú rẹ̀ ni mo yà tóbi jù.

Lówùúrọ̀ Sátidé kan, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, aṣọ ìbora ni mo so mọ́dìí láìwọ ẹ̀wù, nígbà tí ìyá onílé mi ké láti ìta pé, "Tíṣà! Jáde o! Baba ùyàwó rẹ rè é lẹ́nu ulé o!" Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, baba ọmọ kì í dédé lọ sílé ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń wá ọmọ ló ń rìn, ló ń dọ̀bálẹ̀. Bí baba bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo sáré jáde, baba náà ló dúró níbẹ̀ lóòótọ́, eruku ọ̀nà Aramọkọ lára rẹ̀, ìwé mi lábẹ́ apá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ìyá onílé mi ní kí n lọ wọ ẹ̀wù.

Baba kọ omi tí mo gbé fún un. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì mi, ó fi Bíbélì mi tẹ etí kan, ó fi àwo ọbẹ̀ tẹ èkejì.

Ó ní, "Ta ni ó sọ fún ọ?"

"Sọ kí ni, Baba?"

"Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìdó-Ilé."

Mo ní n kò mọ ọmọ Ìdó-Ilé kankan. Kò tilẹ̀ gbọ́. Ó gbé ìka lé ebè àkọ́kọ́ lókè, ó ń tọ́ poro náà lọ. "Ó rí ọmọ mi. Ó bá a gbẹ́rù. Ó wá sí ulé. Ó dọ̀bálẹ̀." Títí débẹ̀, ó ń kà á bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka rẹ̀ dé ìparí poro òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, kò gbé e padà sọ́wọ́ òsì. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ sí ebè tó wà nísàlẹ̀ gbágbá, ó wá ń bọ̀ sẹ́yìn. "Mo fi ọwọ́ ọmọ mi lé e lọ́wọ́. Ó kọ ebè fún mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, uṣẹ́ parí." Ìka rẹ̀ dúró lórí ebè tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òsì, níbi tí baba onífìlà ti nawọ́ sọ́nà. "Mo lé e."

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Ẹ̀rín gbé mi nínú débi pé mo ní láti ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Mo ní, "Baba, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe máa kà á. Bí ẹ bá ti parí poro òkè, ẹ padà sọ́wọ́ òsì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

Ó wò mí bí ìgbà tí mo sọ pé kó fi orí rìn. "Ẹni tó kọ poro kan tán, yóò tún rìn padà lọ́wọ́ òfo lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó mú èkejì? Ọ kọ ebè rí láyé rẹ?"

Ìbéèrè yìí kò dára fún ẹni tó wà ní ipò tí mo wà. Mo sọ̀rọ̀ ìwé àdúrà, mo sọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn, mo ní bí a ti ń ka ìwé náà ni. Ó ní ìwé ni ìwé, ebè ni ebè, ebè ni mo sì yà. Mo fọwọ́ lé Bíbélì pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Ìdó-Ilé rí. Ó ní kí n gbọ́wọ́ kúrò, àwo ọbẹ̀ nìkan kò lè tẹ ìwé náà dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló jókòó. Mo rò pé ó fẹ́ bínú sí i ni, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí n tó dé, ẹnì kan ti wá láti Ìdó-Ilé, òun náà ń fẹ́ ọmọ yìí. Baba gbà fún un. Ọmọkùnrin náà kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n kọ ebè fún un lọ́dún kan, wọ́n tún wá lọ́dún kejì. Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá ti béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, baba á sún un síwájú. Nígbà tí kò rí ibi sún un sí mọ́, ó ní ebè wọn wọ́, ó ní ẹni tí ebè rẹ̀ wọ́ kò lè gbọ́ bùkátà obìnrin, ó sì lé e lọ.

Ó ní, "Ebè náà kò wọ́. Ebè dídára ni. A jẹ uṣu ubẹ̀ pẹ́."

Owú jẹ mí. Ọmọbìnrin náà kò sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fún mi rí, mo sì jókòó níbẹ̀ tí mo ń jowú ẹni tí mi ò mọ ojú rẹ̀, nítorí pé ó mọ ebè í kọ. Inú tún bí mi sí baba náà. Ẹ̀rù sì bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí bó bá ti lé ọlọ́kọ́ lọ, kí ni yóò ṣe ẹni tó gbé kádíbọ́ọ̀dù wá?

Mo ní, "Baba, kí ló dé tí ẹ fi lé e?"

Ó ń wo ìkòkò mi lórí sítóòfù, kò wo ojú mi. "Bó bá lọ, ta ni ó kù nínú ulé?"

Kò sí èyí tó ṣe mí bí èyí. Mo ti ya baba yìí lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ìwé kan, pẹ̀lú fìlà rẹ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé bí ọmọ bá bá mi lọ, òun nìkan ni yóò máa jẹun nínú ilé yẹn. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé, ìyá onílé mi ni, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

Baba fi ìka kan ebè tó kẹ́yìn. "Pa èyí rẹ́."

"Íńkì ni, Baba. Kì í parẹ́."

"Ṣe òmíràn sí i."

Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àlùmọ̀kọ́rọ́yí mi kò sùn. Mo mú kálàmù, mo ní, "Ààyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Baba. Àmọ́ mi ò lè dá a yà. Kí ni kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

Ó wò mí lọ́nà tó fi yé mi pé ó mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí òjò bá dé, ọ ó wá kọ ebè fún mi. Ọ ó mọ bí wọ́n ti ń kà á." Lẹ́yìn èyí ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìwé náà dáadáa. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ya ulé mi. Jẹ́ kí ọmọ náà gbé ẹrù rẹ̀ jáde. Kí ùwọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo yà á. Mo ya ọmọbìnrin náà pẹ̀lú ẹrù lórí, mo ya ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ya baba nínú ilé, mo jẹ́ kó dúró, kò jókòó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà yí gbogbo rẹ̀ ká. Mo fa òkè, mo fa ẹ̀gbẹ́ òsì, mo fa ìsàlẹ̀. Bí mo ti fẹ́ fa èyí tó wà lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀nà gbà jáde, láti fi pa á dé, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ le bí igi.

"Má dí i."

"Baba, bí mi ò bá fa ìlà yẹn, àwòrán náà kò ní—"

"Má dí ubẹ̀. Ubẹ̀ ni ọmọ mi máa gbà wọlé wá wò mí."

Mo gbé kálàmù kúrò. Ó fi ìka rẹ̀ gba àyè tó ṣí sílẹ̀ náà kọjá, ó jáde, ó tún wọlé, ó ń wò ó bóyá ó fẹ̀ tó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Íńkì tí kò tíì gbẹ ràn mọ́ ọn níka, ó fi nu ẹ̀wù rẹ̀. Ó mu omi tí mo ti gbé fún un láti àárọ̀, ó ní kí n sọ fún àwọn ẹbí mi kí wọ́n máa bọ̀.